Bí ẹ ṣe lè ṣírò ìlà ilé epo tí pọ́ǹpù rẹ̀ ń bàjẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń lọ jẹun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bójú tó ibi tí èrò ti ń tò. Ìlà mọ́tò nílé epo ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, àmọ́ tó bá jẹ́ báǹkì lẹ ń bójú tó, tàbí ọsibítù, tàbí ẹ̀rọ ata mẹ́rin lọ́jà, ìṣirò kan náà ni, ẹ kàn máa yọ pọ́ǹpù kúrò kẹ́ ẹ fi tiyín sí i.

Mo jókòó lẹ́nu géètì ilé epo ẹ̀gbọ́n mi kan n'Íbàdàn lọ́jọ́ kan, ìwé lọ́wọ́, báírò lọ́wọ́, láti aago 7 àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ti ń wá owó tó máa fi ra pọ́ǹpù karùn-ún torí ó gbà pé mẹ́rin ò tó mọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo rí ni pé láàárín aago 12 sí aago 1, àsìkò tí mọ́tò ń rọ́ wọlé, méjì nínú àwọn ọmọ tó ń ta epo ti jọ lọ sẹ́yìn ọ́fíìsì, wọ́n ń jẹun, pọ́ǹpù kan sì ti dákẹ́ láti aago 11 kò sẹ́ni tó pe ẹni tó máa tún un ṣe. Pọ́ǹpù kan péré ló ń ta epo. Ìlà ti jáde sí títì. Ẹ ò rí i pé karùn-ún kọ́ ni wọ́n nílò, mẹ́rin tí wọ́n ní gan-an ni wọn ò rí lò.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní kò jù báyìí lọ: ìlà kì í gùn torí iye pọ́ǹpù tẹ́ ẹ ní tẹ́ ẹ bá pín in dọ́gba, àwọn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí pọ́ǹpù kéré jù ló ń mú un gùn. A ò mọ ìgbà tí pọ́ǹpù máa bàjẹ́. Ìgbà tí òṣìṣẹ́ máa lọ jẹun ńkọ́? Ọwọ́ wa nìyẹn wà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka mọ́tò, ẹ wo aago

Ẹ má fojú díwọ̀n o. Ẹ fi ẹnì kan sẹ́nu géètì kó máa kọ aago tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan dé orí ìlà, aago tó dúró níwájú pọ́ǹpù, àti aago tó kúrò níbẹ̀. Ẹ ṣe é fún odidi ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, torí ọjọ́ Ajé ò jọ ọjọ́ Ẹtì, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì lẹ máa fi pín ọjọ́ náà kẹ́ ẹ lè rí ìgbà tí èrò ń pọ̀ àti ìgbà tó ń fúyẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rèé: wọ́n á ka ìṣẹ́jú tí epo fi ń ṣàn nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títí mọ́tò yẹn ò bá tíì kúrò níwájú pọ́ǹpù, kò sẹ́lòmíì tó lè wọlé, nítorí náà gbogbo àsìkò tí kọ́sítọ́mà fi ń wá kọ́kọ́rọ́ ẹnu táǹkì, tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ iye tó fẹ́ rà, tó fi tiránsífà tí wọ́n jọ ń dúró kí àláàtì wọlé, inú ẹ̀ ló wà. Níbi tí mo jókòó sí, àtidúró de àláàtì máa ń gùn ju epo rírọ lọ nígbà míì, ẹni tí kò bá kọ ìyẹn sílẹ̀ ó ti ń ṣírò ilé epo ẹlòmíì nìyẹn. Ohun kejì, ẹnu pọ́ǹpù tí èèyàn kan dúró tì lẹ máa kà. Tí pọ́ǹpù kan bá ní ẹnu méjì tó ń ta fún mọ́tò méjì lẹ́ẹ̀kan náà, méjì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tá a máa lò dópin: pọ́ǹpù 4, mọ́tò 40 ń wọlé láàárín wákàtí kan nígbà tí èrò pọ̀, mọ́tò kan sì ń gba ìṣẹ́jú 4. Pọ́ǹpù kan á ta fún mọ́tò 15 ní wákàtí kan nìyẹn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ta fún 60.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ní ìwé ìdádúró

Ìwé kékeré kan báyìí, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Gbogbo ìgbà tí pọ́ǹpù kan ò bá tà, ẹ kọ aago tó dúró, aago tó padà, àti ohun tó fà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má da wọ́n pọ̀, torí ọ̀nà tí kálukú wọn gbà ń ba ìlà jẹ́ yàtọ̀ síra:

- Èyí tó bá pọ́ǹpù kan ṣoṣo: fílítà dí, ẹnu pọ́ǹpù ń jò, mítà ò ka nǹkan mọ́.
- Èyí tó mú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà: iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ ò tíì gbé e, nẹ́tíwọ́ọ̀kì POS kú, epo tán nínú táǹkì ilẹ̀.
- Èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣètò: oúnjẹ, ìrun, ìgbà tí ìpín kan (ṣíìfù) ń gbé iṣẹ́ fún ìkejì tí wọ́n ń ka owó tí wọ́n ń ka mítà, àti ìgbà tí ọkọ̀ táńkà ń já epo, torí kò yẹ kẹ́ ẹ máa ta látinú táǹkì tí wọ́n ń já epo sí.

Nínú èyí àkọ́kọ́, nǹkan méjì lẹ máa wá: ìṣẹ́jú mélòó ni pọ́ǹpù máa ń ṣiṣẹ́ kó tó bàjẹ́, ìṣẹ́jú mélòó ló sì máa ń gbà kó tó padà. Ká ní ìṣẹ́jú 180 àti ìṣẹ́jú 20 ni. 180 pín sí 200, ó jẹ́ 0.9, ìyẹn ni pé nínú wákàtí 10, wákàtí 9 ni pọ́ǹpù náà fi wà láàyè. Ìṣẹ́jú tó fi dákẹ́ tẹ́nì kankan ò tíì mọ̀ pé ó dákẹ́, ẹ kà á mọ́ ọn, òun gan-an ló máa ń gùn jù.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ́kọ́ ṣírò bí ẹni pé nǹkan kan ò bàjẹ́ rí

Ẹni tó kọ́kọ́ fún wa ní fọ́múlà tá a fi ń mọ bí ẹni tó dé orí ìlà ṣe máa dúró pẹ́ tó ni Agner Krarup Erlang, ọmọ Dẹ́nmáàkì, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìlú Copenhagen ló ń bá ṣiṣẹ́, ọdún 1909 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lórí ẹ̀, nígbà tó di 1917 ó gbé èyí tá a fẹ́ lò yìí jáde. Ìpè tẹlifóònù ni tiẹ̀, mọ́tò ni tiwa. Ẹ bá mi lọ díẹ̀díẹ̀:

Ẹ pín 40 sí 15, ó jẹ́ 2.667. Ẹ pè é ní A. Ẹ wá ro 1, àti A, àti A lọ́nà A tẹ́ ẹ pín sí 2, àti A lọ́nà A lọ́nà A tẹ́ ẹ pín sí 6, pọ̀, ó jẹ́ 10.38. Ẹ tún sọ A di púpọ̀ fúnra ẹ̀ títí kó fi pé A mẹ́rin, kẹ́ ẹ pín in sí 24, ó jẹ́ 2.107. Pọ́ǹpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè ta fún 60, 40 ló ń wọlé, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́ta agbára wọn ló ṣẹ́ kù, ẹ pín 2.107 sí ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ó di 6.32. Ẹ pín 6.32 sí àpapọ̀ 10.38 àti 6.32, ẹ máa rí 0.378. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé nínú mọ́tò 100, bíi 38 ló máa bá gbogbo pọ́ǹpù lẹ́nu iṣẹ́ tó sì máa ní láti dúró. Ẹ wá pín 0.378 sí 20, ìyẹn 60 yọ 40, ó jẹ́ 0.0189 wákàtí, bí ìṣẹ́jú 1.1. Ìdúró mọ́tò tẹ́ ẹ bá pín in dọ́gba láàárín gbogbo wọn nìyẹn.

Ẹ tún un ṣe fún pọ́ǹpù 3. (Ẹ má gbàgbé pé àwọn ìdá yẹn á dín kù ní ìpele kan, A lọ́nà A lọ́nà A tẹ́ ẹ pín sí 6 ló máa wà ní ìkẹyìn. Mẹ́ta lè ta fún 45, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ló ṣẹ́ kù, 5 lẹ sì máa fi pín níkẹyìn dípò 20.) Ìdúró á di nǹkan bí ìṣẹ́jú 9.6. Ẹ tún wò ó o! Ẹ yọ pọ́ǹpù kan kúrò nínú mẹ́rin, ìdúró fò láti 1.1 sí 9.6, ó lé ní ìlọ́po mẹ́jọ. Pọ́ǹpù 2 ńkọ́? 30 ni méjì lè ta fún, 40 ló ń wọlé, fọ́múlà ò wúlò níbẹ̀ mọ́, mọ́tò 10 ló máa kún ìlà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí nǹkan kan fi máa yí padà.

Ẹ jẹ́ kí nǹkan mẹ́ta yìí wà lórí yín, pọ́ǹpù mẹ́rin ara tu gbogbo èèyàn, mẹ́ta ó ń rọ́jú, méjì ìlà ń ga lọ ni.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ má ṣe fi ìpíndọ́gba tan ara yín jẹ

Ẹ jẹ́ ká ní òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń sinmi fún ìṣẹ́jú 30 nínú ìpín wákàtí 8, tí ẹnì kankan ò sì dúró dè é nídìí pọ́ǹpù. Ìṣẹ́jú 450 nínú 480 ló fi wà níbẹ̀, 0.9375 nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.9 ti ìbàjẹ́, ó jẹ́ 0.844, pọ́ǹpù mẹ́rin wá dà bíi 3.4. Mánéjà á wá sọ pé ó dáa, 3.4 lọ́nà 15 jẹ́ bíi 50, 40 ló ń wọlé, kí ló wá kù? Òótọ́ ni pé ìlà ò ní ga títí ayé, ó sì yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo ìyẹn, torí tó bá jẹ́ pé 38 ló jáde níbẹ̀ ẹ ò bá dá ìṣirò dúró kẹ́ ẹ lọ wá pọ́ǹpù. Àmọ́ kò sígbà kankan tẹ́ ẹ ní pọ́ǹpù 3.4. Ẹ ní mẹ́rin, tàbí mẹ́ta, tàbí méjì, ìgbà tó bá jẹ́ méjì ni mọ́tò ń kóra jọ, tí mẹ́rin bá sì padà dé, ìlà tó ti kóra jọ yẹn ò kàn ní pòórá.

Ìbéèrè tó tọ́ ni pé: ìṣẹ́jú mélòó nínú ìpín kan ló máa jẹ́ pé pọ́ǹpù méjì tàbí kó má tó méjì ló ń ṣiṣẹ́? Ibí yìí ni ìsinmi ti ń yàtọ̀ sí ìbàjẹ́. Ìbàjẹ́ lẹ máa fi ṣe nǹkan tó lè ṣẹlẹ̀ nígbàkígbà. Ìsinmi ní aago tiẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ gbé tábìlì ìsinmi kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣírò ẹ̀

Èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Ètò àkọ́kọ́, wọ́n ń lọ ní méjì méjì. Ìṣẹ́jú 60 ló máa wà tó jẹ́ pé èèyàn méjì péré ló kù, gbogbo ìṣẹ́jú 60 yẹn burú tán kí ohunkóhun tó bàjẹ́ rárá. Nínú ìṣẹ́jú 420 tó kù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ pọ́ǹpù lè bàjẹ́. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà láàyè, 0.9 lẹ́ẹ̀mẹrin ni, 0.656. Kí mẹ́ta wà láàyè, 4 lọ́nà 0.729 lọ́nà 0.1 ni, 0.292. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ 0.052, ìyẹn ni ìgbà tí méjì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. 420 lọ́nà 0.052 jẹ́ bí ìṣẹ́jú 22. Àpapọ̀ ìṣẹ́jú tó burú: bíi 82.

Ètò kejì, wọ́n ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 120 ló máa wà tó jẹ́ pé èèyàn mẹ́ta ló kù. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà láàyè, 0.9 lẹ́ẹ̀mẹta, 0.729, nítorí náà 0.271 ni ìgbà tí ọ̀kan ó ti bàjẹ́ nínú wọn, 120 lọ́nà 0.271 jẹ́ bíi 32 àti díẹ̀. Ìṣẹ́jú 360 tó kù lọ́nà 0.052 jẹ́ bíi 19. Àpapọ̀: bíi 51.

Láti 82 sí 51, kọ́bọ̀ kan ò jáde lápò ẹnikẹ́ni, ìṣẹ́jú 30 kan náà ni òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣì ń rí sinmi. Ẹ wá tún gbé ìsinmi yẹn kúrò ní ọ̀sán gangan lọ sígbà tí èrò fúyẹ́. Ká ní aago 10 sí 12, mọ́tò 18 ló ń wọlé ní wákàtí, pọ́ǹpù mẹ́ta nígbà yẹn á mú kí ìdúró jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 19, tí ọ̀kan bá tún wá bàjẹ́, méjì ṣì lè ta fún 30, ìlà ò ní ga. Ìṣẹ́jú 32 àti díẹ̀ tó wà ní ètò kejì nítorí oúnjẹ á kúrò nínú ìwé èrò púpọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní kí wọ́n kúkú má jẹun. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó ti dúró nínú oòrùn láti aago 7, tó ń fa òórùn epo símú, ó yẹ kó sinmi, tí kò bá sì sinmi ìṣẹ́jú 4 yẹn á di 5, pọ́ǹpù mẹ́rin á wá ta fún 48 dípò 60, ẹ tún padà síbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀. Ti ìrun Jímọ́ọ̀ náà, aago tiẹ̀ ò ṣeé sún, nítorí náà ẹ fi í sí tábìlì lákọ̀ọ́kọ́ kẹ́ ẹ tó to ti oúnjẹ yí i ká.

Ìgbésẹ̀ 6: Èyí tó mú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan

Ẹ ò lè fi 0.9 ṣírò iná tó lọ, torí kì í ṣe pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan ló ń dá bàjẹ́, wọ́n jọ ń kú ni. Ìṣirò tiẹ̀ rọrùn. Iná lọ ìṣẹ́jú 15, mọ́tò 40 ní wákàtí, ẹ máa rí mọ́tò 10 tó kóra jọ. Tí iná bá dé, pọ́ǹpù mẹ́rin ń ta fún 60, 40 ṣì ń wọlé, 20 péré lẹ fi ń dín ìlà kù ní wákàtí, nítorí náà ìṣẹ́jú 30 gbáko ló máa gbà kí 10 yẹn tó tán. Ìṣẹ́jú 15 ti di 45. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n wo jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n tó wo pọ́ǹpù, kí wọ́n sì rọ epo sí i láàárọ̀, kí wọ́n má dúró dìgbà tó bá kú.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà

Fọ́múlà tó máa kó pọ́ǹpù púpọ̀ àti ìbàjẹ́ pọ̀ wà o, Mitrany àti Avi-Itzhak ṣe iṣẹ́ lórí ẹ̀ lọ́dún 1968, ṣùgbọ́n bí pọ́ǹpù ṣe ń pọ̀ sí i ló ń le sí i, tẹ́ ẹ bá tún wá fi aago oúnjẹ kún un, simulation, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà máa ṣe bí ilé epo náà, ló máa yá. Excel tó o, ẹni tó bá mọ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, lè lo SimPy, irinṣẹ́ inú ẹ̀ tó wà fún irú iṣẹ́ yìí.

Lórí Excel, ìlà tábìlì kọ̀ọ̀kan jẹ́ mọ́tò kan. Àlàfo láàárín mọ́tò kan sí ìkejì: =-1.5*LN(RAND()), torí 60 pín sí 40 jẹ́ 1.5. RAND ló ń mú nọ́ńbà èyíkéyìí láàárín 0 sí 1, òun ló ń jẹ́ kí àlàfo náà máa yí padà láti mọ́tò kan sí ìkejì. Ìṣẹ́jú tó máa lò nídìí pọ́ǹpù: =-4*LN(RAND()). Ẹ ní òpó mẹ́rin tó ń sọ aago tí pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan máa ráyè. Mọ́tò tó dé á lọ sídìí èyí tó máa kọ́kọ́ ráyè, aago tó máa bẹ̀rẹ̀ ni èyí tó bá pẹ́ jù nínú aago tó dé àti aago tí pọ́ǹpù ráyè. Ẹ tẹ́ ìwé ìbàjẹ́ pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan sórí shíìtì míì pẹ̀lú =-180*LN(RAND()) àti =-20*LN(RAND()), ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì títí ìpín fi máa parí. Aago ìsinmi, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi RAND sí i rárá.

Òfin tó ṣe pàtàkì: tí aago oúnjẹ bá tó nígbà tí mọ́tò kan wà níwájú òṣìṣẹ́, ó máa ta fún un tán kó tó lọ. Tí pọ́ǹpù bá bàjẹ́ láàárín, kò dúró de ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ dúró síbi tó dé, ẹ fi ìṣẹ́jú àtúnṣe kún ti mọ́tò yẹn, tàbí tó bá jẹ́ pé wọ́n máa ń sún mọ́tò lọ sídìí òmíì níbi tiyín, ẹ gbé e lọ síwájú ìlà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta epo kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an. Tó bá sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń tún pọ́ǹpù ṣe, pọ́ǹpù kejì tó bàjẹ́ gbọ́dọ̀ dúró kó parí tàkọ́kọ́, pọ́ǹpù náà ń tòlà nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́

Ẹ kọ́kọ́ pa ìbàjẹ́ àti ìsinmi rẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí mọ́tò 40 máa wọlé fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìdúró gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìṣẹ́jú 1.1. Tó bá jẹ́ 3 ló ń sọ, àṣìṣe wà níbì kan, ẹ má tẹ̀ síwájú. Ẹ tún lo òfin tí John Little, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, fi ẹ̀rí ẹ̀ hàn lọ́dún 1961: iye mọ́tò tó wà lórí ìlà bá iye tó ń dé ní wákàtí lọ́nà wákàtí tí wọ́n ń dúró mu. Pẹ̀lú pọ́ǹpù mẹ́ta, 40 lọ́nà ìṣẹ́jú 9.6 pín sí 60, bíi mọ́tò 6. Ẹ lè jáde síta kẹ́ ẹ fojú kà á.

Lẹ́yìn náà ẹ dá ìbàjẹ́ àti ìsinmi padà, ẹ sáré ẹ̀ fún bí ọjọ́ 200. Ẹ má wo ìpíndọ́gba nìkan, ẹ wo iye mọ́tò tó dúró ju ìṣẹ́jú 15 lọ, torí àwọn wọ̀nyẹn ló ń yí mọ́tò padà lọ sílé epo iwájú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ètò ìsinmi méjì wéra, nọ́ńbà kan náà ni kẹ́ ẹ lò fún méjèèjì: ẹ dà á kọ, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ padà gẹ́gẹ́ bí iye lásán kó má máa yí padà, kí mọ́tò kan náà dé láago kan náà, kí pọ́ǹpù kan náà bàjẹ́ lásìkò kan náà. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa mọ̀ pé ètò ló dáa jù, kì í ṣe pé oríire ló bọ́ sí i.

Tẹ́ ẹ bá ti yan tábìlì kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri pẹ̀lú orúkọ àti aago, kẹ́ ẹ sì dá ẹni tó ń kọ aago padà sẹ́nu géètì fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí ohun tó kọ bá jìnnà sí ohun tí kọ̀ǹpútà sọ, ibi tí màá kọ́kọ́ wò ni ìṣẹ́jú 4 yẹn, pàápàá lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, lẹ́yìn náà bí mọ́tò ṣe ń tò, torí ìṣirò wa gbà pé ìlà kan ṣoṣo ló wà, bẹ́ẹ̀ nílé epo kálukú ń tò sídìí pọ́ǹpù tó bá ẹ̀gbẹ́ tí ẹnu táǹkì ẹ̀ wà mu, pọ́ǹpù kan lè ṣófo nígbà tí mọ́tò mẹ́fà wà nídìí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ fi ẹnì kan síbẹ̀ kó máa darí wọn, kẹ́ ẹ tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.